Ìpàdé Ráńpẹ́, Ẹjọ́ Gígùn: Délé Gíwá ní Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ìtàn náà dúró lé. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord, níbi tí akọ̀ròyìn Délé Gíwá ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wà ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Newswatch, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá sílẹ̀, wà ní nọ́ńbà 62, ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀gún. Ilé tó ń gbé wà ní nọ́ńbà 25, òpópónà Talabi, tó yà lára Adéníyì Jones. Ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ lọ́jọ́ ikú rẹ̀ wà ní Òpèbí. Bí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ (ẹni tó mọ Ìkẹjà mọ̀ pé àlá ni èyí), èèyàn lè fi ọkọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká kí wákàtí kan tó pé.

Nínú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, akọ̀ròyìn yìí lọ bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́yà náà ni Gàní Fáwẹ̀hìnmí. Ó ní àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún ti ránṣẹ́ pe òun, pé ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí òun lọ́rùn wúwo, pé ẹ̀rù ń ba òun. Ìpàdé ráńpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Fáwẹ̀hìnmí gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rù títí di 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 tí òun náà fi papòdà, ìrántí ìpàdé yẹn ló sì ṣí ilẹ̀kùn kan nínú òfin Nàìjíríà tó ti pa dé mọ́ aráàlú tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ tẹnu mọ́ nìyẹn, nítorí pé bí a bá ti dárúkọ Gíwá, bọ́ǹbù inú lẹ́tà tó pa á ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ẹni tó pa á kò yẹ kó tún gba ìtàn ayé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ Ugbekpe Ekperi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òní ni, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní 16 oṣù Kẹta ọdún 1947, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ààfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Wọn kò rí já jẹ. Ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà ní Lágẹrẹ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ríṣẹ́ àgbàfọ̀ sí Oduduwa College, òun náà ráyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Bàbá ń fọ aṣọ nínú ọgbà, ọmọ ń kàwé nínú ọgbà kan náà. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kó tó rí ọ̀nà dé Amẹ́ríkà, ó gboyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Brooklyn College ní 1977, ó sì fi bí ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nídìí ìròyìn ní New York Times. Nígbà tó máa padà sílé ní 1979, Daily Times ló gbà á, wọ́n fi í ṣe olóòtú àwọn àkànṣe àpilẹ̀kọ.

Láti 1979 sí 1986, ọdún méje péré ni. Gbogbo ohun tí Nàìjíríà mọ̀ ọ́n mọ́ kò ju èyí lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1980 ni Olóyè MKO Abíọ́lá gbé ìwé ìròyìn Concord jáde, Gíwá sì di olóòtú Sunday Concord. Ibẹ̀ ni àwọn ònkàwé ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àjẹkù ìròyìn ọ̀sẹ̀. Ó kó ìtàn gígùn tí wọ́n wádìí délẹ̀ sínú rẹ̀, ó fún àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ láyè, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ òpó tó pè ní Parallax Snaps. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò wúwo bíi ti àwọn àgbà akọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀. Ó kúrú, ó mú, kì í sì í fi ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀: bí inú bá ń bí i, o máa mọ̀, bí nǹkan bá wù ú, o máa mọ̀. Ẹlòmíràn ka èyí sí ìgbéraga. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ ònkọ̀wé gidi kan tí kò ní díẹ̀ lára.

Lẹ́yìn èyí ni Newswatch. Òun, Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, lábẹ́ ìjọba Buhari àti Idiagbon, nígbà tí òfin ológun kẹrin ti ọdún 1984 ṣì ń mú akọ̀ròyìn. Òfin yẹn ló gbé Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian sẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kàn án bóyá òótọ́ ni akọ̀ròyìn kọ. Kó ṣáà ti dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá dá ìwé ìròyìn òṣèlú sílẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó láyà.

A gbọ́dọ̀ dúró níbí díẹ̀, nítorí pé ìyìn àyìnjù kì í jẹ́ kí òkú rí ara rẹ̀. Nígbà tí Babangida gbàjọba ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, tó sì pa òfin kẹrin náà rẹ́, ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn yọ̀, Gíwá wà lára wọn. Ó sún mọ́ àwọn alágbára. Ó ní nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, wọ́n ní tirẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ tí ààrẹ fẹ́ sọ ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ààrẹ tó sọ ọ́. Akọ̀ròyìn òṣèlú tí kò bá mọ èèyàn nínú ààfin, òfófó lásán ni yóò máa kọ. Èyí tó bá sì sún mọ́ wọn jù, kò ní mọ ìgbà tí ẹ̀rín dópin. Gíwá rìn lórí okùn yẹn bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ìkẹjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn akọ̀wé nìkan. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló la àgbègbè ilé iṣẹ́ ńláńlá síbẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, nígbà tí Ìkẹjà ṣì jẹ́ ti Ìbàdàn. Orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì, tó ṣe mínísítà nínú ìjọba náà, ni òpópónà tó gba àárín wọn kọjá ń jẹ́. Guinness ti ń pọn ọtí níbẹ̀ láti bí ọdún 1962, Dunlop ń ṣe táyà, Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ, Cadbury wà ní Àgídìngbí. Láàárọ̀, òṣìṣẹ́ á máa ya wọlé láti Agége, Ìjù àti Mushin, búrẹ́dì Agége lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á sì yà nídìí tábìlì fẹ́ńdọ̀. Owó ìwé ìròyìn kan lè má sí lápò èèyàn mẹ́wàá, síbẹ̀ gbogbo wọn á ka ojú ìwé iwájú lórí ìdúró, wọ́n á jiyàn lórí rẹ̀ títí fẹ́ńdọ̀ yóò fi lé wọn. Àwọn wọ̀nyí náà pàdé Gíwá. Ìpàdé tiwọn kò ju ojú ìwé kan lọ.

Ní ọdún 1986 ọ̀rọ̀ tó kan àwọn ilé iṣẹ́ yìí gan-an ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọba fẹ́ gbé ọjà pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SFEM kalẹ̀. Náírà tó jẹ́ pé kò tó méjì ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan yóò máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Ọjà náà ṣí ní 26 oṣù Kẹsàn-án, lójijì dọ́là kan lé ní náírà mẹ́rin. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran tó ń ra ẹ̀rọ, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti ohun èlò láti òkè òkun. Kí ọjà ọ̀hún tó ṣí rárá ni Gíwá ti kọ nínú òpó rẹ̀ pé bí nǹkan yìí bá forí ṣánpọ́n, òkò làwọn aráàlú máa sọ lu àwọn aṣíwájú ní ìgboro. Ní 19 oṣù Kẹsàn-án, SSS, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nínú ọdún náà, ránṣẹ́ pè é. Ó lọ, ó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà kejì ni tibi wọ̀ ọ́. Ebitu Ukiwe, igbákejì Babangida, ti kúrò nípò, Newswatch sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àkọlé iwájú. Gẹ́gẹ́ bí Fáwẹ̀hìnmí ṣe rò ó lẹ́yìn náà, wọ́n tún pe Gíwá ní 16 oṣù Kẹwàá. Lieutenant-Colonel A. K. Togun, igbákejì ọ̀gá SSS, ni wọ́n ló kojú rẹ̀: wọ́n ní ó fẹ́ kọ apá kejì ìtàn Ukiwe, wọ́n tún ní ó ń bá àwọn kan jíròrò lórí kíkó ohun ìjà wọ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀sùn kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn mọ́. Lábẹ́ ológun, ẹ̀sùn tó ń gbẹ̀mí ni. Gíwá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tony Momoh, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn, tó sì ti ṣe olóòtú Daily Times rí. Ẹni yẹn fọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Lọ́dọ̀ Fáwẹ̀hìnmí ni wọn kò ti rí i bí ẹ̀rù lásán.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kẹwàá, tẹlifóònù dún nílé Gíwá. Nínú ìtàn tí Fáwẹ̀hìnmí gbé lọ sílé ẹjọ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Halilu Akilu, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun, ló bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó béèrè bí èèyàn ṣe ń dé ilé náà, tó sì ní ohun kan ń bọ̀ fún ọkọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Gíwá pè é padà. Akilu ní ọ̀rọ̀ ti parí, kó má ṣe ìyọnu mọ́. Gíwá dáhùn pé kò tíì parí, pé òun ti fi í lé lọ́yà òun lọ́wọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu géètì ní òpópónà Talabi. Wọ́n fi àpòòwé ńlá kan lélẹ̀. Billy, ọmọ Gíwá, ló gbé e wọlé fún bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun àárọ̀ nínú yàrá ìkàwé. Kayode Soyinka, aṣojú Newswatch ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá sílé fún ìgbà díẹ̀, jókòó sí òdìkejì tábìlì. Àmì ìjọba wà lára àpòòwé, àkọlé rẹ̀ sì ní ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ni kó ṣí i. Gíwá gbé e lé itan, ó ṣí i.

Ìdí tí a fi ní kẹ́ ẹ fi ìsúnmọ́ alágbára sọ́kàn nìyí. Ẹlòmíràn ì bá wo àpòòwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fún Gíwá, ìwé láti ọ̀dọ̀ ààrẹ kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó fi bọ́ǹbù náà ránṣẹ́ mọ ìwà rẹ̀, ó mọ irú lẹ́tà tí kò ní fura sí.

Ó kú ní ilé ìwòsàn First Foundation ní Òpèbí, ó jẹ́ ẹni ọdún 39. Soyinka yè é. Wọ́n sin òkú rẹ̀ sí Ugbekpe Ekperi.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ di ti lọ́yà. Ní oṣù Kọkànlá, Fáwẹ̀hìnmí kó ohun tó wádìí jọ, ó gbé e fún ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀sùn ọ̀daràn ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní kí wọ́n pe Akilu àti Togun lẹ́jọ́ ìpànìyàn; bí wọn kò bá fẹ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn kò fẹ́, kí òun fúnra òun lè pe ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ṣe gbà á láyè. Àwọn ọ̀gágun méjèèjì ní àwọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìjọba kò sọ pé òun yóò ṣe é, kò sì sọ pé òun kò ní ṣe é. Ilé ẹjọ́ gíga lé Fáwẹ̀hìnmí padà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà lé e. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í kò yé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì: kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ìwọ kọ́ ni bàbá òkú, ìwọ kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Irú ìbéèrè yìí náà ló gbé Olóyè Abraham Adésànyà ṣubú nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1981. Ó lọ ta ko ẹni tí Ààrẹ Shagari yàn láti darí àjọ elétò ìdìbò, àwọn adájọ́ sì ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án ju bó ṣe kan gbogbo aráàlú lọ. Láti ìgbà yẹn, kò rọrùn fún mẹ̀kúnnù láti gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí ohun tó kan gbogbo èèyàn.

Ní 18 oṣù Kejìlá ọdún 1987, nínú ẹjọ́ Fáwẹ̀hìnmí àti Akilu, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ní ti ẹ̀sùn ọ̀daràn, olùṣọ́ ara wa ni gbogbo wa; ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i pé wọ́n fi òfin mú ẹni tó pànìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka ẹjọ́ yìí títí dòní. Lọ́yà tó bá fẹ́ dúró fún ẹni tí kò bá a tan, òun ló máa ń nawọ́ sí. Ìbẹ̀wò akọ̀ròyìn kan sọ́dọ̀ lọ́yà rẹ̀ ló bí i, ó sì ṣòro láti rí àpilẹ̀kọ kan tí Gíwá kọ tó ṣe aráàlú lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ ìpànìyàn gan-an kò rí ibi lọ. Ní 1988, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọ̀gágun náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Oputa, tó ń wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, jókòó lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́, Babangida, Akilu àti Togun gba ilé ẹjọ́ lọ, wọn kò yọjú. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Babangida mẹ́nu ba Gíwá nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó sì ṣì ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Wọn kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Tí àwọn tó pa á bá rò pé àwọn máa pa àwọn akọ̀wé Ìkẹjà lẹ́nu mọ́, wọ́n ṣìṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1987 ìjọba ti Newswatch pa nítorí pé ó gbé àbọ̀ ìgbìmọ̀ òṣèlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Cookey darí jáde. Nígbà tó di 1991, Nosa Igiebor, Dare Babarinsa àti àwọn mẹ́ta mìíràn kúrò níbẹ̀, wọ́n dá Tell sílẹ̀. Ní 1992, Bayo Onanuga kọ̀wé fi African Concord sílẹ̀ dípò kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Babangida. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá TheNEWS sílẹ̀ ní 1993. Ẹ̀bá Acme Road, láàárín Ògbà àti Àgídìngbí, ni àwọn méjèèjì wà, àárín àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lásìkò Abacha, wọ́n á ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn níbi kan lónìí, ibòmíràn lọ́la, kí ọlọ́pàá má bàa bá wọn. Kunle Ajibade ti TheNEWS fojú winá ẹ̀wọ̀n láti 1995 di 1998. Bagauda Kaltho, akọ̀ròyìn wọn ní Àríwá, lọ láìpadà ní 1996. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Ọ̀rẹ̀gún, orúkọ rẹ̀ sì ni ọ̀nà Ọ̀rẹ̀gún ń jẹ́ báyìí. Ọ̀nà tí Gíwá ń gbà lọ síbi iṣẹ́ wá ń jẹ́ orúkọ ìyàwó ẹni tó fi í ṣe olóòtú Sunday Concord.

Ìjọba alágbádá dé, ikú akọ̀ròyìn kò dáwọ́ dúró, àgbègbè Agége sì fara gbá nínú rẹ̀. Ní 2008 wọ́n pa Abayomi Ogundeji ti ThisDay ní Dọ̀pẹ̀mú. Ní 2009, àwọn kan kan ilẹ̀kùn Bayo Ohu ti The Guardian ní Ẹ̀gbẹ́dá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kan Edo Sule Ugbagwu ti The Nation.

Ẹni tó bá ní kò sóhun tó ṣeé ṣe mọ́, kó wo Gáḿbíà. Wọ́n pa Deyda Hydara, olóòtú ìwé ìròyìn The Point, ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 lábẹ́ Yahya Jammeh. Ó gbà tó ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Celle ní Jámánì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Bai Lowe, ọ̀kan lára àwọn tó ń wakọ̀ fún ikọ̀ apànìyàn náà. Nílé níbí, ní oṣù Kejì ọdún 2024, Adájọ́ Inyang Ekwo ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ kí ìjọba wádìí ikú Gíwá, Ogundeji, Ugbagwu àti àwọn akọ̀ròyìn mìíràn, kí wọ́n sì fi òfin mú ẹni tó jẹ̀bi. Àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn akọ̀ròyìn, Media Rights Agenda, ló pe ẹjọ́ náà. Ilé ẹjọ́ kò lé wọn padà pé kí ló kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá ku sọ́wọ́ tiwa. Newswatch kógbá wọlé ní 2012, Concord ti kógbá wọlé ṣáájú rẹ̀. Ìwé tí Gíwá kọ ń gbó lọ nínú àpótí láwọn ilé tó wà láti Ògbà dé Ọ̀rẹ̀gún, ikán ń jẹ òmíràn. Ogójì ọdún ikú rẹ̀ bọ́ sí 19 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀dà Sunday Concord tàbí Newswatch láti 1980 sí 1986, ẹ má ṣe tà á fún ẹlẹ́pà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìkàwé tó bá sún mọ́ yín, kí àwọn ọmọ tí wọn kò pàdé rẹ̀ rí lè ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.